Ìṣísẹ̀ Mẹ́fà

Bí ẹ bá pe bàbá yìí ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n ní kékeré, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dáhùn. Afẹsẹ̀wọ̀n ni gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí, orúkọ náà sì ro wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gbé purojẹ́tọ̀ kọ́ sílé onílé, ẹ̀rọ kékeré tó ń tan àwòrán ńlá sára aṣọ funfun tí a ta mọ́ ògiri, kí ẹni tó nilé lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, kó ká ẹsẹ̀ sókè, kó máa wo eré bí ẹni tó lọ sí ilé sinimá. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé kò ju kéèyàn kan irin mọ́ àjà, kó so ẹ̀rọ rọ̀, kó máa lọ sílé rẹ̀. Irọ́ gbuu! Ibi tí ẹ̀rọ máa dúró sí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Bó bá jìnnà jù, àwòrán á kọjá aṣọ, á máa tàn sára ògiri. Bó bá sún mọ́ ọn jù, àwòrán á kéré, á wà láàárín aṣọ bí ọmọdé tó wọ ẹ̀wù bàbá rẹ̀.

Tépù ni àwọn yòókù fi ń wọn ọ̀nà yìí. Ti bàbá yìí, ẹsẹ̀ ni. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, ìṣísẹ̀ wọn kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, kì í lé, kì í dín. Aṣọ tí àwọn èèyàn sábà máa ń rà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje àbọ̀, ojú ẹ̀rọ tí bàbá sì ń tà kì í ṣe èyí tó ṣeé yí fẹ̀ tàbí yí kéré. Ìlọ́po méjì fífẹ̀ aṣọ ló gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí i, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà géérégé. Bàbá á fẹ̀yìn ti ògiri tí aṣọ máa wà, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á sì rìn. Ní ìkẹfà wọ́n á dúró, wọ́n á na ìka sí àjà, wọ́n á ní, “Ibí ni.” Àwọn oníyèméjì á sáré gbé tépù wá. Ibẹ̀ náà ni! Mélòó ni ẹ fẹ́ kí n kà nínú àwọn tí ẹnu yà, tí wọ́n ń wo ẹsẹ̀ bàbá bí ẹni pé wọ́n rọ ọ́ ní ilé iṣẹ́ irin?

Ọmọ wọn obìnrin ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń retí ọmọkùnrin, kó lọ jókòó jẹ́jẹ́, ọmọ yìí ju ọmọkùnrin mẹ́ta lọ lórí àkàbà. Atanná ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà nìyí: ní ọjọ́ kìíní, bàbá á wá, wọ́n á rìn, wọ́n á sàmì, wọ́n á lu ihò sí àjà, wọ́n á fi sìmẹ́ńtì de irin mọ́ ọn. Wọ́n á tún fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kejì láti rí i dájú. Lẹ́yìn náà wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n á kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan nǹkan kan títí sìmẹ́ńtì á fi gbẹ. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ nìkan ló ń lọ. Òun ló ń gbé ẹ̀rọ kọ́, tó ń ta aṣọ, tó ń tan iná. Bàbá kì í padà lọ wò ó. “Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá dá a lójú ló ń padà lọ wò ó,” wọ́n á wí bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìyàwó bàbá kú. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí Atanná máa ń fẹ́ rántí. Bàbá jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún oṣù méjì gbáko. Wọ́n ń jẹun bí a bá gbé e fún wọn. Bí a kò bá gbé e, wọn ò béèrè. Bí èèyàn bá kí wọn, wọ́n á wo ẹni náà bí ẹni tó ń wo ògiri. Ọmọ náà ti ń rò ó pé òkú méjì ni òun máa sin lọ́dún kan. Àfi ìgbà tí oníbàárà kan pè pé òun fẹ́ kí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kọ́. Bàbá dìde, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ bàtà, wọ́n rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà ní pálọ̀ onílé, wọ́n sì ní, “Ibí ni.” Nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ náà, wọ́n bèèrè oúnjẹ. Atanná wọ ilé ìdáná lọ, ó fi etí aṣọ dí ẹnu, ó sunkún ayọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń tẹnu mọ́: “Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yìí bá purọ́ fún mi, ọjọ́ náà ni mo gbé dírílì sílẹ̀.” Wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọmọ wọn kì í bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, nítorí ó mọ ibi tí àga náà ṣì wà.

Ilé oníkẹ́mísì kan ló ti kọ́kọ́ rí i. Ó gbé ẹ̀rọ kọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó ta aṣọ, ó tan iná, funfun aṣọ sì yọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti tòsì. Kò pọ̀, kò ju ìka méjì lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Afẹsẹ̀wọ̀n kì í ní “kò pọ̀” nínú. Ọmọ náà rò pé aṣọ ló tóbi. Ó wọ̀n ọ́n, aṣọ pé. Ó wá fa tépù láti ògiri dé irin. Ínṣì mẹ́fà ló fi dín. Ó tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni pé tépù náà máa tijú kó yí ọ̀rọ̀ padà.

“Bóyá nǹkan kan ló pín ọkàn wọn níyà,” ó sọ fún ara rẹ̀. Ó tú irin náà, ó sún un sẹ́yìn, ó fi sìmẹ́ńtì funfun dí ihò àkọ́kọ́, ó kùn ún ní ọ̀dà. Nígbà tó délé, bàbá bèèrè pé, “Ó tàn?”

“Ó tàn dáadáa, Bàbá.”

Ṣé irọ́ ló pa? Ó tàn lóòótọ́. Ẹ wá bá mi dá ẹjọ́ náà, nítorí èmi kò lè dá a.

Ilé kejì ni ti tíṣà tó kọ́ Atanná ní ìṣirò nígbà tó wà ní kékeré. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan ló fi dín. Ọmọ náà tún un ṣe, ó dí ihò, ó kùn ún. Tíṣà wá wo àwòrán náà, ó bo aṣọ láti igun dé igun, ó sì pe bàbá lórí fóònù lójú ẹsẹ̀: “Afẹsẹ̀wọ̀n, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mi ò rí irú èyí rí. Ẹsẹ̀ yín ju rúlà lọ!” Yéè, ẹ bá wo bàbá lọ́jọ́ náà! Wọ́n sọ ọ́ fún tọmọdé tàgbà. Ọlọ́dẹ ilé ìfowópamọ́ tó wà lójú pópó kejì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú ọmọ wọn ń bàjẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

Ilé kẹta, ti lọ́yà kan, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Lọ́yà yìí kò ní sùúrù. Ó dá aṣọ ta, ó dá ẹ̀rọ gbé kọ́, ó sì tan án fúnra rẹ̀ kí Atanná tó dé, ó sì pe fóònù bàbá láti bínú. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà tó fi jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù wà. “Ta nìyẹn?” bàbá bèèrè. “Àwọn tó ń polówó ọjà ni, Bàbá,” ó sì sáré jáde lọ bẹ lọ́yà. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ nọ́ńbà tirẹ̀ di nọ́ńbà iṣẹ́. Bàbá kò bínú sí i; wọ́n ní fóònù ń yọ àwọn lẹ́nu tẹ́lẹ̀.

Ẹ má rò pé òmùgọ̀ ni ọmọ náà. Ó rí i pé ẹsẹ̀ bàbá ń kúrú. Ó rò pé ọjọ́ orí ni. Ó rò pé ọjọ́ orí kò ní oògùn, àti pé bí òun bá lè máa ṣe àtúnṣe bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ, bàbá kò ní mọ̀, wọn kò sì ní padà sórí àga. Ó kúkú fẹ́ràn bàbá rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ti Atanná kò tilẹ̀ pé ọdún kan.

Ilé kẹrin ni ti ìyá nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ìyá tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ọkùnrin lọ, tó ní òun fẹ́ rí ojú rẹfirí dáadáa kí òun tó bú u. Àjà ilé náà kì í ṣe pákó, dẹ́kì ni. Ẹni tó bá lu ihò sí dẹ́kì ti lu ú nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní, ìyá nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo bàbá bí wọ́n ṣe ń rìn. Wọn ò wo àjà, wọn ò wo dírílì. Ẹsẹ̀ bàbá ni wọ́n ń wò.

“Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni, bàbá?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹsẹ̀ tèmi yìí? Ẹ lọ bi tíṣà ìṣirò.” Wọ́n sì tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Atanná ṣí yàrá náà. Eruku dẹ́kì tó funfun bí ìyẹ̀fun bo ilẹ̀, kò sẹ́ni tó gbá a, bí bàbá ṣe pàṣẹ. Ipa ẹsẹ̀ bàbá wà nínú eruku náà, láti ògiri dé abẹ́ irin, ìgbà tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi tépù wọ̀n ọ́n láti gìgísẹ̀ sí gìgísẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ bàtà méjì. Wọn kò ṣì í kà, mẹ́fà náà pé. Ẹ̀gbẹ́ ipa ẹsẹ̀ òsì wá ní ìlà kan tó gùn, ibi tí bàtà ti wọ́ nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbé. Ó wọn gbogbo ọ̀nà: ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Mẹ́ta ló fi dín. Ó jókòó sínú eruku yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀melòó nìyí?”

Ìyá nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n ti wà lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́.

“Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mà.”

“Ìwọ lo wá ń tún un ṣe lẹ́yìn wọn.”

“Mo ń dí ihò náà ni, mà. Ẹ má bínú, mo máa dí tiyín náà, kò ní hàn rárá.”

“Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ihò?” Ìyá náà jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. “Tẹ́tí sí mi dáadáa. Ọwọ́ òsì bàbá rẹ kì í fì mọ́ bí wọ́n bá ń rìn, àbí o ò rí i? Ojú wọn kì í yí padà, àní bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún ni mo fi wo àwọn aláìsàn. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tó máa ń gé ìrìn èèyàn kúrú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀. Lójú tirẹ̀, bó ṣe ń rìn láti ọjọ́ yìí náà ló ń rìn.”

“Mo rò pé ọjọ́ orí ni.”

“Kì í ṣe ọjọ́ orí. Kò ní oògùn tó ń wò ó tán, ṣùgbọ́n ó ní oògùn tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti rìn, láti di nǹkan mú. Ìgbà wo lo ti kọ́kọ́ rí i?”

“Ó di oṣù mẹ́jọ.”

Ìyá nọ́ọ̀sì wo ipa ẹsẹ̀ inú eruku náà. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti lọ sílẹ̀. “Oṣù mẹ́jọ tí wọn ì bá ti máa lo oògùn. O fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá, ọmọ mi.”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe nǹkan rí tẹ́ ẹ rò pé oore ni, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń rí lára. Ọmọ náà kò sunkún. Ó gbé irin bàbá rẹ̀ kúrò, ó lu ihò tuntun sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ṣe iṣẹ́ náà parí nítorí iṣẹ́ ni, ó gbálẹ̀. Nígbà tí ìgbálẹ̀ dé orí ipa ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn, ọwọ́ rẹ̀ wúwo.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ó bá bàbá níbi tí wọ́n ti ń bó wáyà. Ó fẹ́ rọra bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ kọ́kọ́ kí wọn, kó bèèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Ẹnu rẹ̀ kò gbà. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, iṣẹ́ ilé ìyá nọ́ọ̀sì kò pé. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ló fi dín.”

“Tépù rẹ ti já nìyẹn.” Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Lọ ra òmíràn.”

“Bàbá, kì í ṣe tépù. Ti lọ́yà náà dín. Ẹsẹ̀ yín ti kúrú. Ìyá nọ́ọ̀sì ní àìsàn ni, pé ẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà.”

Bàbá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi tépù wọn bàbá yín báyìí? Ìyẹn ni ohun tí mo kọ́ ọ?” Wọ́n dìde, wọ́n di tábìlì mú kí wọ́n tó lè nàró, wọ́n lọ fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. “Láti ibí dé etí tábìlì iṣẹ́ yẹn, èmi ni mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n nígbà tí mo gba ṣọ́ọ̀bù yìí, ìyá rẹ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kà á sókè, kó má baà di pé èmi ni mo rẹ́ ọ jẹ.”

Wọ́n rìn. Ọmọ náà ń kà. Ó rí i bí ẹsẹ̀ òsì ṣe ń wọ́, ó rí ọwọ́ òsì tó ká mọ́ ìhà, tí kò fì. Ojú bàbá ń wo iwájú, ó dá wọn lójú dáadáa. “Ìkẹrin. Ìkarùn-ún. Ìkẹfà.” Bàbá dúró, wọ́n na ọwọ́ láti gbé e lé orí tábìlì bí ẹni tó ti dé ilé.

Ọwọ́ náà kò kan nǹkan kan.

Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n wo tábìlì tó ṣì wà níwájú lọ́hùn-ún. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn méjèèjì fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni tó ń wo ẹni tó jalè nílé rẹ̀. Ọkùnrin kan kọjá níta, ó kí wọn, wọn kò dáhùn.

“Ilé wo ló ti bẹ̀rẹ̀?”

“Ilé oníkẹ́mísì, Bàbá.”

“Ìyẹn di oṣù mélòó?”

“Mẹ́jọ.”

“Oṣù mẹ́jọ.” Ohùn bàbá kò ròkè. Ì bá tẹ́ ọmọ náà lọ́rùn ká ní wọ́n pariwo. “Oníkẹ́mísì mọ̀. Lọ́yà mọ̀. Nọ́ọ̀sì tí kò rí mi ju wákàtí méjì lọ mọ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi ń purọ́, àfi èmi tí mo ni ẹsẹ̀.”

“Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Mo rò pé ẹ máa padà sórí àga yẹn. Mi ò fẹ́ kí ẹ padà sórí rẹ̀.”

“Mo gbọ́.” Wọ́n mú fìlà wọn. “Ara mi ni. Kò yẹ kó jẹ́ pé ẹ̀yìn mi la ti ń tún un ṣe.”

Fún ọjọ́ mẹ́ta, bàbá kò bá a sọ̀rọ̀ ju “ẹ káàárọ̀” tó kí wọn àti “káàárọ̀” tí wọ́n fi dá a lóhùn. Wọn kò sì jókòó sórí àga ẹ̀bá fèrèsé. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, èyí tó burú jù, nítorí ọmọ náà kò lè yọjú wò wọ́n. Ó ń gbọ́ ìró bàtà wọn nínú yàrá: wọ́n ń rìn láti ògiri dé ògiri, wọ́n ń padà, wọ́n tún ń rìn. Ó ń gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ń bẹ Ọlọ́run. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá jáde nínú ẹ̀wù tí wọ́n fi ń lọ sí òde pàtàkì.

“Níbo ni dókítà ọ̀hún wà?”

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, kò ju ẹgbẹ́ Atanná lọ, ṣùgbọ́n kò kánjú. Ó ní kí bàbá máa fi ìka lu ìka, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sórí ìwé, kí wọ́n jókòó kí wọ́n dìde láì di nǹkan mú. Ó yí ọwọ́ wọn síwá sẹ́yìn. Ó wá jókòó, ó mú bírò.

“Bàbá, ìrìn yín yìí, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà? Ṣé ó yá kánkán ni, àbí díẹ̀díẹ̀?”

“Ẹ bi ọmọ mi,” bàbá wí, wọn kò wo apá ibi tí ọmọ náà wà. “Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀ wà.”

Kò sí ibi tí ọmọ náà lè sá sí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lé wọn lórí, bàbá rẹ̀ sì jókòó níbẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nínú ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ínṣì mẹ́fà ló dín. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà kan.”

“Ilé ta nìyẹn?” bàbá bèèrè.

Ọmọ náà mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ó wù ú kó pa irọ́ kan péré sí i, èyí tó kéré jù lọ láyé.

“Ilé tíṣà ni, Bàbá.”

Bàbá mi orí lẹ́ẹ̀kan. Omi ti lé sójú wọn, ojú náà kò sì yí padà bó ti wù kó mọ. Ó le láti wò.

“Máa bá a lọ,” wọ́n wí.

“Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.”

Dókítà ti dẹ́kun kíkọ. “Àwọn tó ń wá síbí, ‘ó ti ṣe díẹ̀’ ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Kò tíì sí ẹni tó mú un wá ní ínṣì rí.” Ó ṣàlàyé fún wọn: àìsàn náà wà lóòótọ́, ó ní orúkọ, ó ní oògùn tí bàbá á máa lò lójoojúmọ́, ó sì ní ìdánrawò tí wọ́n á máa fẹsẹ̀ ṣe. Kò ní kúrò lára wọn. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní oṣù mẹ́jọ ti lọ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà, àmọ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lónìí.

“Ẹ jẹ́ kí n rí ìrìn yín nísinsìnyí. Ìlà méjì wà nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ rìn láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.”

“Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó?”

“Ogún ẹsẹ̀ bàtà, bàbá.”

“Mẹ́jọ,” bàbá wí lábẹ́lẹ̀. Wọ́n lọ dúró sórí ìlà àkọ́kọ́. Àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì kó ẹsẹ̀ wọn jọ láti fún wọn láyè. Bàbá wá wo ọmọ wọn, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. “Kà á.”

Ó ń kà, wọ́n ń rìn. Bàtà òsì ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Ní ìkẹjọ, bàbá dúró bí wọ́n ti ń ṣe láti ogójì ọdún, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sì ṣì kù níwájú wọn. Ohùn ọmọ náà dákẹ́. Ohun gbogbo nínú rẹ̀ fẹ́ sáré lọ bá wọn, kó di wọ́n lápá mú, kó ní ó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ ti dé.

“Mo ní kí o kà á,” bàbá wí, wọn kò wẹ̀yìn. “Máa kà, ìyá mi.”

“Ìkẹsàn-án,” ọmọ náà wí. “Ìkẹwàá.” Ẹkún ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, síbẹ̀ ó kà á sókè, tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́. “Ìkọkànlá.”